Omi Ìgbín Lára Èèkàn Mẹ́rìnlélógún

Ní ìdí èèkàn kìíní ni Imú ti dúró, ó sì kọ̀ láti lọ.

Fámúrewá fà á. Ọ̀pá irin náà kò mì. Rọ́bà dúdú tó wà ní ìsàlẹ̀ rẹ̀, èyí tó máa ń rìn kiri lórí ilẹ̀ bí ẹnu ewúrẹ́ tó ń wá èèpo iṣu, ti lẹ̀ mọ́ ilẹ̀ pinpin, ó ń fa afẹ́fẹ́ sínú. Iná kékeré tó wà lókè, níbi tí ọwọ́ Fámúrewá dì mú, ti kúrò ní àwọ̀ ewé, ó ti pọ́n bí ẹ̀jẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni iná orí èèkàn.

"Ẹ jọ̀wọ́, ẹ dúró, Bàbá Atúlẹ̀wò," ni Imú wí. Ohùn obìnrin ni wọ́n fi sí i lẹ́nu, ohùn pẹ̀lẹ́, bíi ti nọ́ọ̀sì tó fi abẹ́rẹ́ pamọ́ sẹ́yìn. "Mo gbọ́ òórùn ohun abẹ̀mí tó ṣọ̀wọ́n. Ìgbín ọlọ́wọ́-òsì ni."

Ẹsẹ̀ Fámúrewá tutù nínú bàtà. Ọdún mẹ́tàlélógún ló ti ń ṣe iṣẹ́ atúlẹ̀wò. Ní gbogbo ilẹ̀ tó kù tí òkun kò tíì gbé mì, kò sí ẹni tó gbọ́dọ̀ gbé búlọ́ọ̀kù kan lé òmíràn bí atúlẹ̀wò kò bá tíì fi Imú rìn ín já, kí ó sì tẹ àtàǹpàkò rẹ̀ sí i. Láàárín ọdún mẹ́tàlélógún náà, lára ògiri ọ́fíìsì nìkan ló ti rí ìgbín ọlọ́wọ́-òsì, nínú àwòrán kan tí oòrùn ti pa láwọ̀ dà: ìgbín tí ìkarahun rẹ̀ lọ́ sí apá òsì, nígbà tí ti gbogbo ìgbín yòókù lọ́ sí ọ̀tún. Ọdún kọkànlélọ́gbọ̀n nìyí tí ẹnikẹ́ni ti rí ọ̀kan kẹ́yìn.

"Bóyá o ṣì í gbọ́," ó ní.

"Èmi kì í ṣi òórùn gbọ́, Bàbá. Ẹ jẹ́ ká lọ sí èèkàn tó kàn. Ọkàn yín ń sáré o. Ṣé kí n pe dókítà?"

"Má pe ẹnikẹ́ni."

Wọ́n dé èèkàn kejì. Ó pọ́n. Wọ́n dé ìkẹta, ó pọ́n. Fámúrewá ò gbàgbé òfin ọ̀hún, òun gan-an ló máa ń kà á fún àwọn onílé létí: ibi tí Imú bá ti gbọ́ òórùn ohun tó ṣọ̀wọ́n, igba ẹsẹ̀ yí ibẹ̀ ká di títì fún ogójì ọdún. Bí èèkàn kan bá pọ́n, èèyàn á ṣì rí ibòmíràn kọ́lé sí. Bí méjì bá pọ́n, wọ́n á fún ara wọn pọ̀. Mẹ́rìnlélógún ni èèkàn tó yí òkè Igbó-Ọ̀dàn ká. Nígbà tí wọ́n fi dé ìkọkànlá, kò tíì sí èyí tí kò pọ́n láti orí àkọ́kọ́.

Ó gbójú sókè, ó sì kábàámọ̀ pé òun gbé e, nítorí àwọn ọkọ̀ ló rí. Mọ́kànlélọ́gọ́rin ni wọ́n, wọ́n tò wọ́n sórí ọ̀sà nísàlẹ̀ òkè, wọ́n fi okùn so wọ́n mọ́ra, páànù ni òrùlé wọn, aṣọ ọmọdé sì ń fẹ́ lẹ́lẹ́ lórí wọn. Ọdún mọ́kànlá ni àwọn èèyàn wọ̀nyẹn ti ń gbé ibẹ̀. Lápá òkè odò, ó rí ìlẹ̀kùn kọnkéré tí ìjọba fi sé omi mọ́. Ọjọ́ mọ́kàndínlógún sí òní, òjò á ti kún ẹ̀yìn rẹ̀, wọ́n á sì ṣí i. Ohunkóhun tí kò bá ti gun òkè, inú òkun ló ń lọ. Ìwé ti jáde, kò sí ẹ̀bẹ̀ mọ́. Òkè Igbó-Ọ̀dàn yìí nìkan ni wọ́n sì fún wọn.

Nínú ọkọ̀ kejìlá, Mosúnmọ́lá ọmọ rẹ̀ wà níbẹ̀ pẹ̀lú oyún oṣù mẹ́jọ.

"Bàbá, ọkàn yín."

"Mo gbọ́!"

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ronú. Ìgbín kì í rìn báyìí. Ìgbín fẹ́ràn ibi tó rin, tó sì ṣókùnkùn, kí ló máa wá ṣe lórí òkè gbígbẹ, tí yóò wá kí èèkàn kọ̀ọ̀kan bí òṣìṣẹ́ tó ń gba owó orí? Ó kúnlẹ̀ ní ìdí èèkàn kejìlá, ó fi ìka kan ilẹ̀. Ohun kan ti gbẹ sára igi náà, ó ń dán, ó sì yí i ká bí òrùka. Kì í ṣe ipa ìgbín. Ṣe ni wọ́n dà á. Ó gbóòórùn ìka rẹ̀: òroǹbó wẹ́wẹ́ àti nǹkan yíyọ̀.

Ìyá tó bí i lọ́mọ máa ń ṣe bẹ́ẹ̀ láyé àtijọ́, kí òkun tó dé. Bí wọ́n bá kó lọ sí ilé tuntun, wọn kì í da omi tí wọ́n fi fọ ìgbín nù. Ẹnu ọ̀nà ni wọ́n ń dà á sí, kí ilé náà lè tutù, kí ìjà má ṣẹlẹ̀ nínú rẹ̀, kí ọmọ má ṣàìsàn.

Àwọn kan ti fi omi ìgbín tu ilẹ̀ yìí lójú. Wọ́n da omi náà sára gbogbo èèkàn láìfo ọ̀kan, nítorí wọ́n fẹ́ kí ilẹ̀ náà gbà wọ́n.

"Bàbá Atúlẹ̀wò," Imú tún sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ sì tún rọlẹ̀ sí i, "ẹ má bínú sí mi. Òórùn náà wà lẹ́nu yín."

Fámúrewá fọwọ́ bo ẹnu bí ọmọ tó jí ẹran jẹ.

Púpurú ni wọ́n gbé fún un láàárọ̀, pẹ̀lú ọbẹ̀ tó pọ́n dẹ̀dẹ̀. Ìyá Bámitálẹ́, ìyá ọkọ Mosúnmọ́lá, tó tún jẹ́ olórí gbogbo ọkọ̀, ló fọwọ́ ara rẹ̀ gbé e wá. Ọdún mẹ́sàn-án gbáko ni òun àti obìnrin yìí kò ti bára wọn jẹun. Nígbà tí ìyàwó Fámúrewá kú, Ìyá Bámitálẹ́ kò wá síbi ìsìnkú. Iṣẹ́ ló rán, ó ní òun ò lè bá ẹni tó fi ẹyẹ pààrọ̀ èèyàn jókòó. Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ tí wọ́n ń gbé tẹ́lẹ̀ ló ń sọ, èyí tí Fámúrewá tì nítorí ẹyẹ kan, tí gbogbo wọn fi di ará orí omi. Fámúrewá gbé ọ̀rọ̀ náà sí ibi tí ọwọ́ rẹ̀ á ti máa tó o lójoojúmọ́.

Nígbà tí àwo oúnjẹ náà dé iwájú rẹ̀ láàárọ̀, ó mọ̀ pé ìgbín ni. Ìgbín inú ọgbà ló rò pé ó jẹ́, irú èyí tí wọ́n ń sìn sínú ike. Inú rẹ̀ sọ pé kó má jẹ ẹ́. Ṣùgbọ́n èèyàn kì í ti oúnjẹ àna sẹ́yìn, pàápàá àna téèyàn ń bínú sí. Ìyá Bámitálẹ́ á ní ìbínú náà ló kọ oúnjẹ. Nítorí náà ó jẹ ẹ́ tán pátá, ó tún fi ìka nu àwo, kí obìnrin náà má bàa rí ohun tí yóò wí.

Ó gbọ́wọ́ kúrò lára Imú. Bí ọwọ́ bá ti kúrò, etí Imú á di. Ṣùgbọ́n ìṣẹ́jú mẹ́wàá péré ni. Lẹ́yìn ìyẹn, á ké sí ọ́fíìsì pé wọ́n ti pa òun tì.

"Ìyá Bámitálẹ́!" ó pariwo. "Ẹ sáré wá!"

Obìnrin náà wà lábẹ́ agboòrùn ní ìdí èèkàn tó kẹ́yìn, níbi tí òfin gbà kí aṣojú àwọn onílé dúró sí. Ó tó ọmọ ọgọ́ta ọdún ó lé mẹ́ta, ó sanra, àmọ́ orí omi ti sọ ẹsẹ̀ rẹ̀ di ti ẹni tó ń jó jẹ́jẹ́ nígbà gbogbo. Ó ń mí helehele nígbà tó dé.

"Àna mi, ṣé kò sí o?"

"Níbo lẹ ti rí ìgbín yẹn?"

"Ìgbín èwo? Èyí tẹ́ ẹ jẹ?" Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Ó dùn, àbí? Mo mọ̀. Mo rí i pé ẹ nu àwo."

"Ìyá Bámitálẹ́, mo ní níbo!"

Ẹ̀rín náà kú lójú obìnrin náà. "Nínú kòtò tó wà lẹ́bàá èèkàn kìíní, níbi tí igi ńlá wó sí. Wọ́n pọ̀ níbẹ̀ bí iyanrìn. Mẹ́rìnlélógún péré ni mo mú, ọ̀kan fún èèkàn kan. Mo da omi wọn sídìí àwọn èèkàn láná, mo sì ní kí n fi ẹran wọn ṣe yín lálejò. Kí ló dé tí ojú yín rí báyìí?"

"Apá wo ni ìkarahun wọn lọ́ sí?"

"Apá wo? Ta ló ń wo apá tí ìgbín lọ́ sí?"

Fámúrewá sọ fún un. Kò fi ọ̀rọ̀ gígùn sọ ọ́, nítorí ìṣẹ́jú ń lọ. Ó sọ nípa òórùn, nípa igba ẹsẹ̀, nípa ogójì ọdún. Bó ṣe ń sọ ọ́, ó ń rí i tí ẹ̀jẹ̀ ń kúrò lójú obìnrin náà díẹ̀díẹ̀. Agboòrùn bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Afẹ́fẹ́ gbé e, ó ń yí gbiri lọ sísàlẹ̀ òkè, kò sẹ́ni tó lé e nínú àwọn méjèèjì.

"Mo fi ọwọ́ ara mi tì í," ni Ìyá Bámitálẹ́ wí. "Èmi náà. Mo rò pé mò ń tu ilẹ̀ lójú ni."

"Ọ̀nà kan wà," ni Fámúrewá wí. "Bó bá jẹ́ pé èèyàn ló gbé òórùn náà káàkiri, tí atúlẹ̀wò sì tẹ àtàǹpàkò sí i, kòtò tí wọ́n ń gbé nìkan ni wọ́n á tì. Ilẹ̀ yòókù á tó ilé ọgọ́rin, á tún kù. Ṣùgbọ́n Imú á béèrè orúkọ ẹni tó pa wọ́n."

"Wọ́n á sì pa orúkọ ẹni náà rẹ́."

"Wọ́n á pa á rẹ́."

Àwọn méjèèjì ti rí ẹni tí wọ́n pa orúkọ rẹ̀ rẹ́ rí. Ìlẹ̀kùn kan kò ní í ṣí fún un, ẹ̀rọ omi kò ní í da omi sí i lọ́wọ́, dókítà kò ní í rí i. Kò gbọ́dọ̀ fẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀ tó ní èèkàn. Ilẹ̀ wo ló sì kù láyé tí kò ní èèkàn?

Ìyá Bámitálẹ́ fa gèlè rẹ̀ le. "Ó dáa. Dárúkọ mi."

Fámúrewá tẹjú mọ́ ọn.

"Kí lo ń wò? Ọdún mẹ́sàn-án lo ti ń wá èyí. Ó ti dé ọwọ́ rẹ. Dá a! Àbí o fẹ́ kí n kúnlẹ̀ kí n tó gbà pé mo jẹ̀bi?"

Òótọ́ ni pé orúkọ náà ti wà lẹ́nu rẹ̀. Ó ti wà níbẹ̀ láti ìgbà tó ti fọwọ́ kan nǹkan yíyọ̀ yẹn, ó sì dùn ju ọbẹ̀ àárọ̀ lọ. Ohun tó ń bà á lẹ́rù jù lọ lórí òkè náà nìyẹn, ju òfin lọ, bó ṣe dùn tó. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó pàṣẹ fún Fámúrewá rí tí inú rẹ̀ kò kọ àṣẹ náà. Bí inú rẹ̀ sì ti kọ̀ báyìí ni ojú rẹ̀ là.

"Orúkọ ta ló wà lókè ìwé ilẹ̀ yìí?" ó bi í.

"Orúkọ tèmi. Èmi ni mo dúró fún wọn."

"Bí wọ́n bá pa á rẹ́ ńkọ́?"

Ọwọ́ Ìyá Bámitálẹ́ kúrò lórí gèlè. Ìwé tí orúkọ ẹni tó dúró fún un bá ti parẹ́, ìwé náà ti ya nìyẹn. Ọdún mẹ́ta ni wọ́n fi kọ èyí. Ọjọ́ mọ́kàndínlógún ló sì kù.

"Bámitálẹ́ ńkọ́?" ó sọ ọ́ bí ẹni tó ń yọ ẹ̀gún. "Ọmọ mi ni, ó lágbára, ó lè..."

"Imú ò ní gbà á. Kò sí òórùn lára rẹ̀. Ibi iṣẹ́ ló sùn láti ọjọ́ mẹ́rin. Ìyàwó rẹ̀ sì fẹ́ bímọ." Fámúrewá wo ọ̀pá irin náà tó dá dúró gbọingbọin, iná pupa lórí rẹ̀. "Ẹnu ta ni òórùn náà wà?"

Obìnrin náà gbọ́ ọ yé. Ó di apá àna rẹ̀ mú, ó dì í mú ṣinṣin. "Rárá. Kì í ṣe ìwọ lo pa wọ́n. Ẹni tó jẹ láìmọ̀, iṣẹ́ rẹ̀ nìkan ni wọ́n ń gbà."

"Tú mi sílẹ̀."

"Ẹ̀rọ yẹn máa mọ̀ pé irọ́ ni! Ó máa ń gbọ́ ọkàn èèyàn! Yóò pa orúkọ rẹ rẹ́, yóò sì tún ti ilẹ̀ náà!"

Ó ṣeé ṣe. Fámúrewá mọ̀ bẹ́ẹ̀. Òógùn ti fi ẹ̀wù lẹ̀ mọ́ ọn lẹ́yìn. Ó wù ú kó jókòó sílẹ̀ kó sì sunkún bí ọmọ ọdún mẹ́rin. Ó wù ú kó sáré. Lára Imú, iná ti ń ṣẹ́jú, ìṣẹ́jú kan ló kù. Ó tú ọwọ́ obìnrin náà kúrò lápá rẹ̀, ìka kan lẹ́yìn èkejì, ó sì di ọ̀pá mú.

"Ẹ káàbọ̀, Bàbá Atúlẹ̀wò. Ẹ fi mí sílẹ̀ pẹ́."

"Èèyàn ló gbé òórùn yìí káàkiri," ó ní. "Kòtò tó wà lẹ́bàá èèkàn kìíní ni wọ́n ń gbé. Níbẹ̀ nìkan."

"Orúkọ ẹni náà?"

"Fámúrewá."

"Ẹ̀yin?"

"Èmi."

"Ẹ̀yin lẹ pa wọ́n?"

"Mo pa wọ́n. Mo jẹ wọ́n. Mo da omi wọn sídìí èèkàn."

"Kí ló dé?"

Kò ronú kan ìyẹn. Ó rí Ìyá Bámitálẹ́ tó fi ọwọ́ méjèèjì bo ẹnu.

"Ọmọ mi máa gbé ibẹ̀," ó ní. "Mo fẹ́ kí ilẹ̀ náà tutù fún un."

Atẹ́lẹwọ́ rẹ̀ ń lù kì-kì-kì lára irin náà. Ó gbọ́ ọ fúnra rẹ̀. Bí adìẹ tí wọ́n dì lẹ́sẹ̀ ni ọkàn rẹ̀ ń fò nínú àyà.

"Bàbá," ni Imú wí, "ọkàn yín ń sáré bíi ti ẹni tó ń purọ́. Ṣùgbọ́n bẹ́ẹ̀ ló ṣe ń sáré láti èèkàn kìíní. Ẹ̀rù àti irọ́, ìró kan náà ni wọ́n ní létí mi. Níbi tí mi ò bá ti mọ ìyàtọ̀, ọwọ́ èèyàn ni òfin fi í sí. Ẹ tẹ àtàǹpàkò yín bó bá jẹ́ òótọ́."

Ó tẹ̀ ẹ́ kí ọwọ́ rẹ̀ tó ráyè kọ̀.

Kò sí ohun tó dún. Iná lórí Imú ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀mejì, ó sì padà sí àwọ̀ ewé. Lẹ́yìn náà ni àwọn èèkàn bẹ̀rẹ̀, ìkejìlá, ìkọkànlá, ìkẹwàá, wọ́n ń yí sí àwọ̀ ewé lọ yí òkè náà ká, títí ó fi ku ọ̀kan ṣoṣo lẹ́bàá kòtò tí kò yí. Láti ìsàlẹ̀, lórí omi, ariwo sọ. Àwọn ará ọkọ̀ ti rí i. Ẹnìkan ń lu ìkòkò, àwọn ọmọdé ń pariwo, obìnrin kan sì bú sórin.

Irin náà tutù lábẹ́ ọwọ́ rẹ̀.

"Mi ò mọ ẹni tó dì mí mú," ni Imú wí, ohùn rẹ̀ kò sì yí padà, ó ṣì rọ̀ bíi ti nọ́ọ̀sì. "Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi mí sílẹ̀. Ẹ kúrò lórí ilẹ̀ tó ní èèkàn kí oòrùn tó wọ̀."

Fámúrewá tú u sílẹ̀. Ó rìn lọ sídìí ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ rẹ̀ tó wà lẹ́yìn èèkàn, ó fọwọ́ kan ìlẹ̀kùn rẹ̀. Kò ṣí. Ó tún fọwọ́ kàn án. Nínú rẹ̀ ló rí fìlà rẹ̀ lórí ìjókòó, àti àwòrán ìyàwó rẹ̀ tó lẹ̀ mọ́ iwájú. Ó fi ìkúùkù gbá gíláàsì náà lẹ́ẹ̀kan, kò tó láti fọ́ ọ, ó sì dúró síbẹ̀.

Ìyá Bámitálẹ́ ti dé ẹ̀yìn rẹ̀. Ó kúnlẹ̀ sórí òkúta wẹ́wẹ́, pẹ̀lú ọjọ́ orí rẹ̀ àti ìsanra rẹ̀.

"Àna mi, ẹ ṣe..."

"Dìde," ni Fámúrewá wí. "Má dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Ìsìnkú tí o kò wá, mi ò tíì gbàgbé rẹ̀. Mi ò ní í gbàgbé rẹ̀."

"Mo gbọ́."

"Má sọ fún Mosúnmọ́lá títí yóò fi bímọ."

"Mi ò ní sọ." Ó dìde pẹ̀lú ìnira, ó ń gbọn òkúta kúrò lórúnkún. Omi ń bọ́ lójú rẹ̀, kò nù ún. "Níbo lẹ ń lọ báyìí? Ibo lẹ máa sùn?"

Oòrùn ti ń sún mọ́ orí igi. Fámúrewá wo òkè náà, ó wo ọ̀nà ọlọ́dà tí èèkàn tò sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ méjèèjì títí dé ìlú, ó sì wá wo ọ̀sà. Omi nìkan ni kò ní èèkàn. Ìlẹ̀kùn kọnkéré náà dúró lókè odò, omi díẹ̀ sì ti ń yọ́ sàn lábẹ́ rẹ̀.

"Bí ẹ bá kó jáde tán," ó ní, ó sì gbìyànjú kí ohùn rẹ̀ le, "èwo nínú àwọn ọkọ̀ yẹn ni kì í jò?"

Ìyá Bámitálẹ́ wo àwọn ọkọ̀ náà nísàlẹ̀.

"Gbogbo wọn ló ń jò," ó ní.